Yàrá, Máìkì àti Ohùn Kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́: Bí A Ṣe Ń Gba ASMR Sílẹ̀ Nílé

"Máìkì wo ni kí n rà?" Ìbéèrè tí ẹni tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ASMR, ìyẹn gbígba ìró kéékèèké tó ń fi olùgbọ́ lára balẹ̀ sílẹ̀, máa ń kọ́kọ́ béèrè nìyẹn. Èyí tó yẹ kó ṣáájú rẹ̀ ni pé: aago mélòó ni àdúgbò yín máa ń pa lọ́lọ́? Máìkì olówó gọbọi tó bá wà nínú yàrá aláriwo, ariwo náà ni yóò gbé wá, yóò sì gbé e wá ketekete ju ti olówó pọ́ọ́kú lọ.

Jennifer Allen, ará Amẹ́ríkà, ló fún nǹkan yìí ní orúkọ ASMR ní 2010. Ìmọ̀lára kan ni, tó máa ń rìn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ láti àtàrí bọ́ sí ìpakọ́, nígbà míì títí dé ọ̀pá ẹ̀yìn. Ẹni tó ti sùn lọ láàárín ẹsẹ̀ onídìrí rí, bí wọ́n ṣe ń fi ẹnu ìlarun la irun rẹ̀ lọ́nà-lọ́nà, mọ̀ ọ́n dáadáa bí kò tiẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀. Nígbà tí Emma Barratt àti Nick Davis ti Swansea University tẹ ìwádìí tiwọn jáde ní 2015, èèyàn 475 ni wọ́n bi léèrè. Ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún sọ pé ọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ló ń fà á fún àwọn. Ìdá 64 dárúkọ ìró mímú, irú èyí tí èékánná máa ń mú jáde lára nǹkan líle. Ìró kéékèèké ni gbogbo wọn, ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ wà.

Ọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ kì í ju nǹkan bí 30 dB (decibel, òṣùwọ̀n bí ìró ṣe lágbára tó) lọ ní mítà kan sí ẹnu. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá gé àyè àárín ẹnu àti máìkì sí ìdajì, 6 dB ló ń kún un: yóò di 36 ní 50 sẹ̀ǹtímítà, 42 ní 25, 48 ní nǹkan bí 12. Yàrá tí fáànù ń yí nínú rẹ̀ lè kọjá 40 dB láìní wàhálà. Ìdí rèé tí a fi ń súnmọ́ máìkì tó báyẹn, sẹ̀ǹtímítà 12 sí 20, tí a sì ń pa ohun gbogbo tó bá ń yí.

Ẹ wá yàrá tó jìnnà jù sí títì, tí fèrèsé rẹ̀ kò dojú kọ ibi tí aládùúgbò gbé jẹnẹrétọ̀ sí. Yàrá ibùsùn tó kún fún aṣọ sàn ju pálọ̀ onítáìsì lọ, torí táìsì àti ògiri lásán máa ń da ohùn padà. Ẹ pàtẹ́wọ́ ẹ̀ẹ̀kan láàárín yàrá. Bí ìró rẹ̀ bá dún "pá" tó sì kú síbẹ̀, ó dára. Bó bá ní ìrù tó ń gbọ̀n tẹ̀lé e, ẹ ṣí wọ́dúróòbù sílẹ̀ gbayawu, ẹ gbé fóòmù ibùsùn dúró ti ògiri ẹ̀yìn yín, kí ẹ sì fi bùláńkẹ́ẹ̀tì kọ́ sórí okùn lọ́tùn-ún àti lósì.

Páálí ẹyin tí àwọn èèyàn ń lẹ̀ mọ́ ògiri kò dí ariwo ìta rárá, ó sì dùn mí bí wọ́n ṣe ń náwó sí i. Nǹkan méjì ló yẹ ká yà sọ́tọ̀: ohùn tó ń ta padà lára ògiri, àti ariwo tó ń wọlé láti ìta. Aṣọ àti fóòmù ń pa ti àkọ́kọ́. Ohun tó wúwo tí kò sì ní àlàfo ló ń dá ìkejì dúró, bíi bíríkì àti ilẹ̀kùn pákó tó ki. Ibi tí afẹ́fẹ́ bá ti lè gbà wọlé, ariwo yóò bá a wọlé. Ẹ ká aṣọ ìnura sí abẹ́ ilẹ̀kùn. Fèrèsé alábala gíláàsì tó ń ṣí bí ìyẹ́ ló burú jù, torí àárín gíláàsì wọn kì í pàdé tán. Pátákó tó nípọn tí ẹ bá fi dí i pa yóò ràn yín lọ́wọ́ ju kọ́tìnì mẹ́ta lọ.

Aago kan sí mẹ́rin òru ló dáa jù ní ọ̀pọ̀ àdúgbò ìlú ńlá. Òru ọjọ́ Ẹtì, ìṣọ́ òru ti gbà á. Ní ìgbà òjò, ọ̀pọ̀lọ́ àti ìrẹ̀ ló ni òru, páànù ni yóò sì sọ fún yín pé òjò ti dé. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ pa fáànù àti ẹ̀rọ amúlétutù, kí ẹ yọ fíríìjì kúrò níná. Bí ẹnikẹ́ni kò bá ṣí i, oúnjẹ inú rẹ̀ kò ní bàjẹ́ láàárín nǹkan bíi wákàtí 4. Ẹ fi kọ́kọ́rọ́ ilé sínú fíríìjì náà, ẹ kò ní lè jáde lówùúrọ̀ láìrántí pé ó yẹ kí ẹ tan án padà. Fóònù, ẹ gbé e sí airplane mode: nẹ́tíwọ́ọ̀kì 2G máa ń mú kí wáyà máìkì pariwo "tìtìtì-tìtìtì" tí kò ṣeé yọ. Ooru yóò mú yín, nítorí náà ẹ máa gbà á sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú 15, 15, kí ẹ ṣílẹ̀kùn láàárín. Ẹ tan kọ́ìlì ẹ̀fọn ní wákàtí kan ṣáájú. Yùnmùyúnmú kan ṣoṣo tó bá fò kọjá lẹ́bàá máìkì, inú etí olùgbọ́ gan-an ló fò sí.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbé jẹnẹrétọ̀ sí kọ́rídọ̀, ẹ má sì fi nǹkan bò ó kí ohùn rẹ̀ lè rẹlẹ̀. Carbon monoxide, afẹ́fẹ́ olóró inú èéfín rẹ̀, kò lóòórùn, ó sì ń pa odidi ìdílé mọ́jú. Bátìrì ni kí ẹ fi ṣiṣẹ́ yìí. Rẹ̀kọ́dà Zoom H1n ń lo bátìrì AAA méjì, Zoom F3 ń lo AA méjì. Iná bátìrì kì í kùn. Iná NEPA ń kùn ní 50 Hz (ìgbọ̀n 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan), tòun tàwọn ọmọ rẹ̀ ní 100 àti 150 (ẹ̀yin tó wà ní Houston tàbí Atlanta, 60 àti 120 ni tiyín). Bí láptọ́ọ̀pù bá wà lẹ́nu ṣájà tí ẹ sì ń gbọ́ "hùn-ùn" nínú hẹ́ẹ̀dífóònù, ẹ yọ ṣájà náà. Bó bá dákẹ́, ẹ ti rí ọ̀daràn: iná ilé ló ń gba ara ṣájà wọ inú wáyà ohùn. Ìnfátà olówó pọ́ọ́kú tí kì í ṣe pure sine wave (tí iná rẹ̀ kò rí geere bíi ti NEPA) tún máa ń fi ariwo wínríwínrí tirẹ̀ kún un.

Ó wá kan máìkì. Kí ẹ tó wo iye owó, ẹ wo ohun tí wọ́n ń pè ní self-noise nínú ìwé tó bá a wá, ìyẹn ariwo "ṣíí" tí máìkì fúnra rẹ̀ ń pa bí ẹnikẹ́ni kò tiẹ̀ sọ̀rọ̀. Ti Audio-Technica AT2020 jẹ́ 20 dB. Ti Rode NT1-A jẹ́ 5. Fún ẹni tó ń ka ìròyìn, ìyàtọ̀ yìí kò tó nǹkan; fún ìró òwú tó ń ra lára òwú, òun ni gbogbo rẹ̀. Máìkì dynamic (irú tí kò nílò iná) bíi Shure SM7B tí àwọn oníṣẹ́ pọ́dkáàsì fẹ́ràn kò yẹ níbí, bó ti wù kó lórúkọ tó. Ohùn tó ń mú jáde kéré débi pé ẹ máa gbé gain (ohun tí ẹ ń yí kí ohùn máìkì lè lágbára sí i) sókè tán kí ọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ tó hàn, gain yẹn yóò sì gbé ariwo ẹ̀rọ náà sókè pẹ̀lú rẹ̀. Condenser, irú máìkì tó ń lo iná láti gbé ìró kéékèèké, ni kí ẹ rà. Ẹ rántí tan 48 V, iná tí máìkì náà ń lò, lórí audio interface (àpótí tó so máìkì pọ̀ mọ́ kọ̀ǹpútà), láìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kò ní dún rárá.

Olùgbọ́ fẹ́ mọ ìgbà tí ohùn wà létí ọ̀tún àti ìgbà tó kọjá sí òsì. Máìkì méjì ló ń ṣe èyí. 3Dio Free Space ní etí rọ́bà méjì, bátìrì 9 V ló sì ń lò. Neumann KU 100 jẹ́ máìkì tí wọ́n ṣe bí odidi orí èèyàn, owó rẹ̀ sì tó owó ọkọ̀. Èyí tó wu mí jù fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ ni orí fóòmù funfun tí àwọn onídìrí ń gbé wíìgì lé, torí pé ó wà lọ́jà, fífẹ̀ rẹ̀ sì súnmọ́ ti orí èèyàn. Ẹ ra capsule (ojú máìkì kékeré tí kò tíì wà nínú ilé rẹ̀) Primo EM272 méjì (self-noise rẹ̀ jẹ́ 14 dB), wáyà aláàbò tó tín-ín-rín mítà méjì, àti jáàkì stereo 3.5 mm kan. Lẹ́yìn capsule, ojú ibi méjì ló wà tí wọ́n ń jó wáyà mọ́. Èyí tó kan ara páànù rẹ̀ ni ground. Ẹ jó wáyà òsì mọ́ ṣóńṣó jáàkì, ti ọ̀tún mọ́ òrùka àárín, ground méjèèjì mọ́ ìdí. Ayọ́ọ̀nù tí wọ́n fi ń jó wáyà (soldering iron) kò gbọdọ̀ pẹ́ ju ìṣẹ́jú àáyá 2 lọ lára capsule, torí ooru ń ba awọ inú rẹ̀ jẹ́. Ohùn rẹ̀ yóò di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kò sì ní àtúnṣe. Ẹ gbẹ́ ihò sí ibi etí, kí capsule wọ inú rẹ̀ kí ojú rẹ̀ bá ara orí dọ́gba. Ẹ tan plug-in power (iná díẹ̀ tí rẹ̀kọ́dà ń fi ránṣẹ́ sí capsule) nínú Zoom H1n, kí ẹ sì gbé orí náà lé ìrọ̀rí. Bí ẹ bá gbé e lé tábìlì lásán, gbogbo ìgbà tí orúnkún bá kan tábìlì ni yóò dún "gbìì".

Ohun kan wà tó kan àwa tó ń fi Yorùbá ṣe é ju àwọn tó ń fi Gẹ̀ẹ́sì ṣe é lọ, n kò sì rí i kí àwọn èèyàn máa sọ ọ́ tó bó ṣe yẹ. Bí èèyàn bá ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, tán-án-ná inú ọ̀fun kì í gbọ̀n. Afẹ́fẹ́ lásán ló ń jáde. Gbígbọ̀n yẹn gan-an ló sì ń gbé àmì ohùn wa, dò, re, mí. Ẹ sọ "ó ra ọkọ́" àti "ó ra ọkọ̀" kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sínú máìkì, kí ẹ gbọ́ ọ padà lọ́jọ́ kejì. Ẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Ọ̀nà àbáyọ ni kí ẹ fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ ọ̀rọ̀ tuntun, ohùn tó rẹlẹ̀ ṣùgbọ́n tí ọ̀fun ṣì ń gbọ̀n díẹ̀, kí ẹ fi kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ gidi pamọ́ fún ohun tí olùgbọ́ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀: oókan, eéjì, ẹẹ́ta, tàbí oríkì tó gbajúmọ̀. Bí ẹ bá gbọ́dọ̀ dárúkọ ọkọ́, ẹ ní "ọkọ́ tí wọ́n fi ń roko".

Ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ yìí kan náà ló fà á tí sọ́fíwíà fi ń ba iṣẹ́ jẹ́. Ariwo "ṣíí" tí ẹ fẹ́ yọ, afẹ́fẹ́ ni; ọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, afẹ́fẹ́ náà ni. Noise Reduction inú Audacity kò mọ ìyàtọ̀ wọn. Ẹ fi ìdákẹ́jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 10 ṣe àpẹẹrẹ fún un, kí ẹ sì yọ 6 dB péré. Bí ẹ bá yọ 12 tàbí 18, ọ̀rọ̀ yóò máa dún bí ẹni tó wà nínú omi. Ẹ gé gbogbo ohun tó wà lábẹ́ 80 Hz kúrò, ariwo ọkọ̀ òkèèrè yóò bá a lọ. 48 kHz àti 24 bit ni kí ẹ fi gbà á sílẹ̀. Kí ìró èékánná tó le jù má kọjá −12 dB lójú òṣùwọ̀n rẹ̀kọ́dà, níbi tí 0 ti jẹ́ òpin. YouTube máa ń rẹ ohun tó bá pariwo ju −14 LUFS (òṣùwọ̀n bí ohùn ṣe pariwo tó lápapọ̀) lọ sílẹ̀, àmọ́ kì í gbé èyí tó rẹlẹ̀ sókè, nítorí náà ẹ gbé e dé nǹkan bí −23 fúnra yín.

Nínú àwọn ohun tó ń dún, gàrí Ìjẹ̀bú tó gbẹ dáadáa ni mo fẹ́ràn jù. Agolo mílíìkì kan tó. Ẹ dà á sínú igbá tó wà lórí aṣọ tí a ká, láti òkè tí kò ju sẹ̀ǹtímítà 8 lọ: ẹ ó gbọ́ hóró kọ̀ọ̀kan bó ṣe ń bọ́, "ṣẹ́rẹ́, ṣẹ́rẹ́", kó tó di "ṣààà" nígbà tí ìsàlẹ̀ igbá bá bò. Bí ẹ bá dà á láti òkè tó ga, "ṣààà" nìkan ni ẹ ó gbọ́, kò sì yàtọ̀ sí òjò. Abọ́ ike kò ní ìjìnlẹ̀ ohùn yìí. Kí máìkì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, 30 sẹ̀ǹtímítà sí i, kó má ṣe wà lókè igbá, torí eruku gàrí pẹ̀lú ọ̀rinrin ni ọ̀tá condenser. Lẹ́yìn iṣẹ́, ẹ fi máìkì sínú ike olómọrí pẹ̀lú àpò silica gel tó máa ń wà nínú páálí bàtà tuntun.

Bó bá jẹ́ pé lójú ẹsẹ̀ ni ẹ ń gbé e jáde lórí Twitch tàbí YouTube, ẹ yọ Noise Suppression àti Noise Gate kúrò nínú OBS, sọ́fíwíà tí wọ́n fi ń gbé e jáde. Méjèèjì ń gé ọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ dànù. Ẹ gbé audio bitrate sí 320 kbps, kí ẹ sì rí i pé kò sí àmì nínú àpótí Mono ní Advanced Audio Properties, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ọ̀tún àti òsì yóò dà pọ̀. Limiter (èyí tó ń dá ohùn tó bá fẹ́ kọjá ààlà dúró) nìkan ni kí ẹ fi sílẹ̀, ní −6 dB, torí ẹni tó ń gbọ́ ti gbé hẹ́ẹ̀dífóònù sókè lórí ibùsùn, nǹkan kan tó bá ṣèèṣì já bọ́ lè pa á létí. Kí ẹ tó tẹ Start Streaming, ẹ fi èékánná kan etí òsì orí fóòmù náà lẹ́ẹ̀mẹta. Bó bá dún létí ọ̀tún, wáyà ti ṣe ìdàkudà. Ẹ yí i padà.