Ó ti wọlé, síbẹ̀ wọ́n ní kó ra ìwé: SSO àti àwọn jọ́nà tí àjọ ti sanwó fún

Bí òṣìṣẹ́ bá fi ọ̀rọ̀ aṣínà ibi iṣẹ́ wọlé láìsí wàhálà nípasẹ̀ SSO (ọ̀rọ̀ aṣínà kan fún ìkànnì púpọ̀), tí ìkànnì jọ́nà sì tún ní kó sanwó kó tó kàwé, ẹ má tíì fọwọ́ kan sáfà yín. Wíwọlé ti parí. Lọ́pọ̀ ìgbà, òǹtẹ̀wé ni kò tíì so orúkọ tí àjọ yín ń jẹ́ nínú SAML (èdè tí àjọ àti òǹtẹ̀wé fi ń bára wọn sọ̀rọ̀ nípa wíwọlé) mọ́ àkáǹtì tí ẹ fi san àsansílẹ̀. Ẹ fi entityID yín (orúkọ yẹn gan-an) àti nọ́ńbà àkáǹtì náà ránṣẹ́ sí wọn, kí wọ́n so ó pọ̀. Lẹ́tà kan ṣoṣo ni.

Bí ètò náà ṣe ń ṣiṣẹ́ kò ṣòro. IdP (ètò tó ń yẹ ọ̀rọ̀ aṣínà wò) wà lọ́dọ̀ yín, ó mọ àwọn ènìyàn yín. SP (ètò tó ń gba òǹkàwé wọlé sí ìkànnì jọ́nà) wà lọ́dọ̀ òǹtẹ̀wé, òun ló ń ṣọ́ ilẹ̀kùn. SP á darí òǹkàwé sí IdP, IdP á béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà, á kọ lẹ́tà kan, á fọwọ́ sí i, aṣàwárí òǹkàwé ni yóò sì gbé e padà. Ọ̀rọ̀ aṣínà kì í dé ọ̀dọ̀ òǹtẹ̀wé rárá. SAML 2.0 ni ọ̀pọ̀ wọn fi ń ṣe é, láti 2005 ló sì ti wà.

Ẹ kọ gbogbo ohun tí ẹ sanwó fún sílẹ̀ ná, kí ẹ sì bi òǹtẹ̀wé kọ̀ọ̀kan: ṣé wọ́n ń gba SAML, ṣé wọ́n wà nínú federation (ẹgbẹ́ àwọn àjọ àti òǹtẹ̀wé tó fọkàn tán ètò wíwọlé ara wọn), attribute (ìsọfúnni nípa òǹkàwé) wo ni wọ́n fẹ́? Ẹ tètè béèrè, nítorí ìdáhùn wọn lè pẹ́ ju iṣẹ́ orí sáfà lọ.

Bí IdP yín bá jẹ́ Shibboleth (sọ́fítíwià wíwọlé kan), tí ẹ sì wà nínú federation tó so mọ́ eduGAIN (àsopọ̀ àwọn federation kárí ayé), metadata àwọn òǹtẹ̀wé (fáìlì tó ṣàpèjúwe ètò wọn) á máa wá fúnra rẹ̀. Entra ID, ètò wíwọlé ti Microsoft, kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni ẹ ó máa fi SP sí i. Bí wọ́n bá jẹ́ márùn-ún, ẹ ṣe é lọ́wọ́. Bí wọ́n bá tó ogójì, ẹ fi OpenAthens (iṣẹ́ wíwọlé fún ilé ìkàwé) tàbí Shibboleth sáàárín kó máa bá wọn sọ̀rọ̀, kí iṣẹ́ Entra ID mọ sí yíyẹ ọ̀rọ̀ aṣínà wò.

Orí attribute ni iṣẹ́ gan-an wà. Ọ̀pọ̀ òǹtẹ̀wé kò nílò orúkọ ẹnikẹ́ni, wọ́n kàn fẹ́ mọ̀ pé ara yín ni. eduPersonScopedAffiliation ló ń sọ ìyẹn: member@, kí domain yín tẹ̀ lé e. Àwọn mìíràn ń wo eduPersonEntitlement, wọ́n sì ń retí urn:mace:dir:entitlement:common-lib-terms, láìyẹ lẹ́tà kan. Domain ẹ̀yìn @ gbọ́dọ̀ bá scope (domain tí ẹ kọ sílẹ̀) inú metadata yín mu. Bí kò bá bá a mu, SP tó ń lo Shibboleth á da attribute náà nù láìsọ fún ẹnikẹ́ni, òǹkàwé ò sì ní rí ju “o kò ní àṣẹ” lọ.

Kí ìkànnì lè dá òǹkàwé mọ̀ nígbà tó bá padà wá, pairwise-id (àmì ìdánimọ̀ tó yàtọ̀ fún òǹtẹ̀wé kọ̀ọ̀kan) ni kí ẹ fi ránṣẹ́. Ẹ má lo ímeèlì: ẹni tó bá ṣègbéyàwó tó yí orúkọ padà á pàdánù gbogbo ohun tó ti tọ́jú síbẹ̀.

Ẹ ṣọ́ ẹni tí ẹ ń pè ní member o. Ẹni tó ti fẹ̀yìn tì tàbí tó ti kẹ́kọ̀ọ́ jáde lè ṣì ní ímeèlì yín, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ àdéhùn kò kà wọ́n kún un. Bí gbogbo orúkọ inú directory bá di member, ẹ ti rú àdéhùn láìmọ̀. Àkọsílẹ̀ tí ẹ̀ka òṣìṣẹ́ ń tọ́jú ni kó máa pinnu èyí.

Ẹ fi dátà fóònù dán an wò, kí ẹ pa Wi-Fi ibi iṣẹ́. Lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì àjọ, IP (nọ́ńbà nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín) nìkan lè ṣílẹ̀kùn, ẹ ó sì rò pé SSO ló ṣe é. Ẹ lo private window pẹ̀lú, kí wíwọlé àná má baà tàn yín jẹ. SAML-tracer lórí Firefox tàbí Chrome á fi lẹ́tà tó kọjá hàn yín. Bí wọ́n bá ti encrypt rẹ̀ (tí wọ́n sọ ọ́ di àṣírí), inú log IdP ni kí ẹ ti wá a. Ẹ má sì pa wíwọlé nípasẹ̀ IP tàbí EZproxy (sáfà tó ń gbé òǹkàwé gba inú nẹ́tíwọ́ọ̀kì àjọ) lọ́jọ́ tí SSO bẹ̀rẹ̀. Kí wọ́n jọ wà fún oṣù kan ó kéré tán.

Aago sáfà tó bá yẹ̀ ju ìṣẹ́jú 3 lọ á jẹ́ kí Shibboleth kọ̀ láti gba lẹ́tà tó dára, nítorí náà ẹ tan NTP (tó ń mú aago sáfà tọ́). Orúkọ ni entityID, lẹ́tà dé lẹ́tà ni wọ́n ń fi í wéra. “/” kan tó ṣẹ́kù ní ìparí ti tó láti bà á jẹ́. Sátífíkéètì tí Entra ID fi ń fọwọ́ sí lẹ́tà á parí lẹ́yìn ọdún 3, bí ẹ kò bá yí i padà. Òǹtẹ̀wé tí kì í ka metadata fúnra rẹ̀ ni ẹ ó kọ̀wé sí ní nǹkan bí ọgọ́ta ọjọ́ ṣáájú.

Jíjáde lórí ìkànnì kan kì í sábà yọ ènìyàn kúrò lórí IdP. Lórí kọ̀ǹpútà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lò, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara rẹ̀ pé kí wọ́n pa aṣàwárí pátápátá kí wọ́n tó dìde.