Búlúù kì í ṣe ìwọ̀sí

Ní ìpàdé ẹbí kan l'Ọ́jẹ́ lọ́sàn-án yìí, omijé ni màmá àgbà kan fi sọ pé ọmọ àbúrò òun rí ọ̀rọ̀ òun lórí WhatsApp, kò sì fèsì. Ó dùn mí gan-an, torí àmì kékeré tó máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀ tá a bá fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, tó máa ń di búlúù tí wọ́n bá ti rí i, ti ń ya ọ̀pọ̀ ẹbí.

Tẹ́ ẹ bá rí àmì kan ṣoṣo, ọ̀rọ̀ yín ò tíì dé fóònù ẹni yẹn. Dátà lè ti tán, tàbí kí wọ́n má ní iná láti àárọ̀, kí fóònù ti kú. Méjì tó rí bí eérú: ó ti dé. Búlúù, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2014: wọ́n ti ṣí i. Ṣíṣí nìkan ni o! Ẹni tó wà nínú mọ́tò ní Mọ́kọ́lá lè ṣí i kó má ráyè kà á tán.

Èèyàn lè pa búlúù yìí lábẹ́ Privacy nínú Settings, àmọ́ òun náà ò ní rí ti ẹlòmíì mọ́. Pípa náà kì í ṣiṣẹ́ nínú gúrúùpù. Níbẹ̀, búlúù kì í yọ àfi tí gbogbo wọn bá ti rí i. Ẹ tẹ ọ̀rọ̀ yín mọ́lẹ̀, ẹ wo Info, ẹ ó rí orúkọ àwọn tó ti kà á.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, tọ́wọ́ yín bá dí, ẹ kọ ọ́ ní kúkúrú: "Mo ti rí i mà, màá pè yín lálẹ́." Kí ẹ sì pè wọ́n lálẹ́ náà.