Ẹ̀rọ tí a tà, àti iye tó kù lára rẹ̀

Lọ́jọ́ tí wọ́n wá gbé GTO, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wa, lọ, Bàámi kò jáde. Inú ọ́fíìsì ni wọ́n jókòó sí, wọ́n ń gbọ́ bí fọ́kílífùtù ṣe ń ké níta, títí ọkọ̀ fi kúrò ládùúgbò. Lẹ́yìn náà ni wọ́n pè mí.

"Ṣé owó ti wọlé?"

"Ó ti wọlé, sà."

"Ó dáa. Kọ ọ́ mọ́ iṣẹ́ tí a ṣe lóṣù yìí."

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wa ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹni tó bá mọ Ṣómólú mọ̀ pé ibẹ̀ ni iṣẹ́ ìtẹ̀wé fìdí kalẹ̀ sí ní Èkó. Ìwé ìpè ìnáwó, kàlẹ́ńdà, ìwé ètò ìsìnkú, pósítà òṣèlú, kò sí èyí tí a kì í tẹ̀. Heidelberg GTO 52 ni ọ̀pọ̀ nínú wa fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rọ Jámánì ni, tòkunbọ̀ la sì máa ń rà.

Oṣù Kìíní 2018 la ra tiwa, ọdún yẹn náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ìwé owó fún Bàámi. 3,400,000 náírà la san fún ẹni tó tà á. Àwọn tó gbé e wọlé gba 120,000. Ẹnjiníà tó tò ó, tó tún un ṣe títí ó fi ń tẹ̀wé geere, gba 80,000. Bàámi fẹ́ kí n kọ owó àwọn méjì yìí sí ìnáwó oṣù. Mo ní rárá, ara iye ẹ̀rọ ni, torí ẹ̀rọ tó ṣì wà lẹ́yìn ọkọ̀ kò lè tẹ káàdì ẹnikẹ́ni. 3,600,000 ló wọ ìwé. Mo ra ìwé ẹlẹ́yìn líle kan fún un, mo fa ìlà sí i: orúkọ ẹ̀rọ, nọ́ńbà tó wà lára rẹ̀, ọjọ́ tí a rà á, iye tó ná wa, ọdún tí a rò pé yóò fi ṣiṣẹ́, iye tí a lè tà á nígbà tó bá gbó.

Ọdún mẹ́wàá ni mo fún un, mo sì fojú bù ú pé a ó rí 600,000 lórí rẹ̀ lẹ́yìn náà. 3,000,000 tó kù ni a ó máa jẹ díẹ̀díẹ̀: 300,000 lọ́dún, 25,000 lóṣù. Depreciation ni wọ́n ń pè é níléèwé. Bàámi ń pè é ní owó gbígbó, orúkọ yẹn ló sì dúró ní ọ́fíìsì wa.

"Ta la san án fún?" ni wọ́n máa ń bi mí. Ìbéèrè tó dáa ni. A kò san án fún ẹnì kankan. A ti san gbogbo rẹ̀ ní 2018. Ìnáwó ọjọ́ kan yẹn là ń pín sórí àwọn ọdún tí ẹ̀rọ ń bá wa ṣiṣẹ́. Bí a kò bá pín in, 2018 yóò dà bí ọdún àdánù, 2019 tí iṣẹ́ pósítà ìdìbò pọ̀ yóò sì dà bí ọdún tí owó rọ̀ lé wa lórí bí òjò. Irọ́ ni méjèèjì.

Ohun tó ń dùn mí jù nìyí: mo máa ń gbọ́ bí àwọn ẹlẹgbẹ́ wa ṣe ń ṣírò iṣẹ́. Bébà, yíǹkì, pléètì, dísẹ́ẹ̀lì, owó òṣìṣẹ́, wọ́n á wá fi èrè lé e. Ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Wọ́n á máa dínwó fún oníbàárà nínú owó tí kì í ṣe èrè, ẹran ara ẹ̀rọ ni wọ́n ń gé fún un. Mo ti rí àwọn tó kógbá wọlé lọ́nà yìí, tí wọ́n sì rò pé ayé ló ṣe wọ́n.

Oṣù Kejìlá 2023 la ta GTO. Ọdún mẹ́fà pé, owó gbígbó rẹ̀ di 1,800,000, 1,800,000 náà ló sì kù lára rẹ̀ nínú ìwé. A tà á ní 5,500,000, alágbàtà yọ 300,000, 5,200,000 wọ báńkì. Mo yọ 3,600,000 kúrò lójú ewé ẹ̀rọ, mo yọ 1,800,000 kúrò lójú ewé owó gbígbó, torí ẹ̀rọ tí kò sí nílé wa mọ́ kò gbọdọ̀ máa gbó nínú ìwé wa. Mo wá yọ 1,800,000 tó kù nínú ìwé kúrò nínú 5,200,000, mo kọ 3,400,000 tó ṣẹ́kù sí ìlà tirẹ̀ lọ́tọ̀: èrè lórí ẹ̀rọ tí a tà. N kò kọ ọ́ mọ́ iṣẹ́ tí a tẹ̀. Bí mo bá kọ ọ́ mọ́ ọn, oṣù Kejìlá yóò tàn wá pé ọjà ń lọ, nígbà tó jẹ́ pé ohun tí a fi ń ṣe ọjà la tà.

Bàámi wo ìwé náà títí. "Ìwé rẹ ní ó ń gbó. Ọjà ní kò gbó."

Òótọ́ ni, àṣìṣe mi sì wà níbẹ̀. IAS 16, ìlànà àgbáyé lórí bí a ṣe ń kọ ẹ̀rọ àti irú rẹ̀ sínú ìwé owó, ní kí a máa tún iye tí a fojú bù pé a ó tà á yẹn wò, ó kéré tán ní ìparí ọdún kọ̀ọ̀kan. Èmi fi 600,000 sílẹ̀ bó ṣe wà láti 2018. Lẹ́yìn tí ìjọba tú náírà sílẹ̀ fún ọjà ní oṣù Kẹfà 2023, dọ́là tó wà ní nǹkan bí 460 ní báńkì fò kọjá 700, gbogbo tòkunbọ̀ sì bá a fò. Ó yẹ kí n tún un wò. Bí iye tí a lè tà á bá ti ju iye tó kù nínú ìwé lọ, kò yẹ kí n kọ owó gbígbó kankan sílẹ̀ mọ́.

Jẹnẹrétọ̀ wa kò rí bẹ́ẹ̀ ní tirẹ̀. 960,000 ló wọ ìwé, ọdún mẹ́rin ni mo fún un, 240,000 lọ́dún. Ó kú ní ìparí ọdún kẹta, oníkóńdẹ́mù san 90,000 lórí ohun tó ku 240,000 nínú ìwé. Àdánù 150,000.

(Àwọn agbowó-orí kì í ka owó gbígbó wa sí. Wọ́n á dá a padà sórí èrè, wọ́n á fi ìṣirò tiwọn rọ́pò rẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní capital allowance. Mo ní ojú ewé ọ̀tọ̀ fún ìyẹn.)

Bàámi ti ní i lọ́kàn láti fi owó GTO ṣe òrùlé ilé tó wà ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ kí n ka nǹkan kan fún yín." Owó gbígbó kì í ṣe àjọ, kíkọ tí mo ń kọ ọ́ kò fi kọ́bọ̀ kan sí báńkì. Ìdí nìyẹn tí mo fi ṣí àkáǹtì kejì ní 2020, tí mò ń fi 25,000 sí i lóṣù, àfi oṣù mẹ́ta tí Kòrónà tì wá mọ́lé. 1,125,000 ló wà níbẹ̀. Pẹ̀lú 5,200,000, ó di 6,325,000. Tòkunbọ̀ irú rẹ̀ tí a lọ wò, 9,800,000 ni wọ́n pè é.

Wọ́n dákẹ́. Wọ́n ní kí n kọ iye tó kù sórí bébà. Mo kọ ọ́: 3,475,000. Àwọn fúnra wọn ló mú un lọ sínú ṣọ́ọ̀bù, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ibi tí GTO dúró sí tẹ́lẹ̀, níbi tí àbàwọ́n òróró rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀.