Green tea àti ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ màámi
Oníbàárà màámi kan ní ọjà Bódìjà ní kí wọ́n máa mu green tea, kí wọ́n pa oògùn àtọ̀gbẹ wọn tì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò o! Ìwádìí kan tó jáde ní 2020 kó àyẹ̀wò 27 lórí green tea pọ̀: ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, kí èèyàn tó jẹun àárọ̀, fi nǹkan bíi 1.44 mg/dL (òṣùwọ̀n ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀) wálẹ̀. Ó kéré. Kì í ṣe ẹgbẹ́ metformin, oògùn àtọ̀gbẹ, rárá.

Èyí tó dùn mọ́ mi ni pé màámi ti fi green tea rọ́pò tíì oní-mílíìkì, oní-ṣúgà rẹpẹtẹ, tí wọ́n fi ń jẹ búrẹ́dì láràárọ̀. Ibẹ̀ gan-an lèrè wà. Ẹ má wá da oyin sí i o, ṣúgà ni òun náà! Mo sì ní kí wọ́n má mu ún mọ́ oúnjẹ, torí kì í jẹ́ kí ara gba áyọ́ọ̀nù (iron, èròjà tí ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀) inú ẹ̀fọ́ dáadáa.