Ẹ̀yin ọmọ ìdí bọ́ílà, ẹ máa kọ ọ́ sílẹ̀

Mo pé ọgọ́rin ọdún lóṣù tó kọjá. Méjì nínú àwọn ọmọ tó wá bá mi yọ̀ ń ṣiṣẹ́ bọ́ílà, ìkòkò irin ńlá tó ń se omi di sítíìmù, lọ́nà Àgbárá. Wọ́n ní bọ́ílà tiwọn máa ń paná ara rẹ̀ bí omi bá lọ sílẹ̀, nítorí náà àwọn kì í yẹ gíláàsì omi, ìyẹn ọ̀pá gíláàsì tó ń fi ibi tí omi inú bọ́ílà dé hàn, wò mọ́. Àtìgbà náà ni ara mi ò ti lélẹ̀.

Èkíní, iná dídá kì í ṣe iṣẹ́ agbára lásán. Nígbà tí mo wọṣẹ́ ní Èkó lọ́dún 1963, lébìrà ni wọ́n kọ sínú ìwé wa. Ẹ wá wo ohun tí lébìrà yẹn gbọ́dọ̀ mọ̀. Bọ́ílà Lancashire tí à ń lò ní ihò iná méjì, ọ̀pá irin ńlá tó la inú omi kọjá, níbi tí èédú ti ń jó. Bí a bá da èédú sí méjèèjì pọ̀, èéfín dúdú á bo àdúgbò, sítíìmù á sì wálẹ̀. Ti ọ̀tún là ń kọ́kọ́ bọ́, díẹ̀díẹ̀, ó di ìgbà tó bá pọ́n yòò ká tó ṣílẹ̀kùn ti òsì. Èédú Enugu kì í pẹ́ jó tán, kò sí ìjókòó. Àwọn tó ń wà á tilẹ̀ jìyà jù wá lọ: ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1949 ni ọlọ́pàá yìnbọn pa 21 nínú wọn ní Iva Valley, ibi ìwa-èédú kan ní Enugu. Àwọn àgbà tó kọ́ mi níṣẹ́ kò jẹ́ ká gbàgbé.

Èkejì, omi tó bo ihò iná ni kì í jẹ́ kí irin rẹ̀ rọ̀. Bí omi bá fà wálẹ̀ kúrò lórí rẹ̀, irin á pọ́n, sítíìmù á sì tẹ̀ ẹ́ wọlé. Wọ́n máa ń fi òjé dí ojú kan lórí rẹ̀, kí òjé náà lè yọ́, kí sítíìmù sì bu lu iná, kó pa á.

Ẹ̀kẹta, bàbá kan, ará Ìlaròó, ló kọ́ mi. Kì í fọwọ́ kan ṣọ́bìrì láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ ṣí kọ́ọ̀kì gíláàsì, kí omi tú jáde, kó sì rí i bó ṣe ń sáré padà sókè. Bí kò bá sáré padà, èèpá ti ń dí ọ̀nà rẹ̀, gíláàsì sì lè máa purọ́. Lọ́jọ́ kan, bàbá rí i pé omi ń lọ́ra. Lójú mi ló sọ fún ẹ́ńjíníà pé kí wọ́n pa bọ́ílà náà, kí wọ́n fọ̀ ọ́. Ẹ́ńjíníà ní ọjà gbọ́dọ̀ jáde, kó máa dáná lọ. Àwa adáná kò sì lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ nǹkan kan sínú ìwé iṣẹ́.

Lóru ọjọ́ kejì, láàárín ṣíìfù, ọ̀nà náà dí pátápátá. Gíláàsì ṣì ń fi omi hàn dé ìdajì, bẹ́ẹ̀ omi inú bọ́ílà ti lọ sílẹ̀. Bàbá ṣílẹ̀kùn láti da èédú sí i, àfi gbàù, òjé yọ́. Sítíìmù àti ẹyin iná tú lé e lórí. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ àti ẹ̀gbẹ́ ojú rẹ̀ bó. A fi eérú tútù bo iná ihò kejì. Ẹnì kan fẹ́ tan pọ́ǹpù, mo gbá ọwọ́ rẹ̀ dànù, torí omi tútù lórí irin tó ti pọ́n lè fọ́ bọ́ílà túútúú. Bàbá ló kọ́ mi bẹ́ẹ̀.

Nígbà ìwádìí, ẹ́ńjíníà ní kò sẹ́ni tó sọ ohunkóhun fún òun. Ó ṣí ìwé iṣẹ́: kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Wọ́n ní bàbá sùn lọ ni. Òfin owó gbà-má-bínú fún òṣìṣẹ́ tó farapa ti wà ní Nàìjíríà láti 1941, ṣùgbọ́n wọ́n ní ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi fà á. Mo jẹ́rìí, kò ṣẹnu re. Wọ́n lé e láìfún un ní kọ́bọ̀. Ẹ̀kọ tí ìyàwó rẹ̀ ń tà ni wọ́n fi ń jẹun títí ó fi kú. Inú ṣì ń bí mi sí i.

Nítorí náà, ẹ máa ṣí kọ́ọ̀kì gíláàsì yín, kí omi fọ̀ ọ́, ní ìbẹ̀rẹ̀ ṣíìfù kọ̀ọ̀kan. Ohun tí ẹ bá rí, ẹ kọ ọ́ pẹ̀lú aago àti ọjọ́, kí ọ̀gá fọwọ́ sí i, kí ẹ sì ya fọ́tò rẹ̀. Lábẹ́ òfin owó gbà-má-bínú òṣìṣẹ́ ti ọdún 2010, òṣìṣẹ́ tó farapa ní ọjọ́ 14 láti fi tó agbanisíṣẹ́ létí, agbanisíṣẹ́ sì ní ọjọ́ 7 láti fi tó NSITF, àjọ ìjọba tó ń bójú tó owó náà, létí. Bí ọ̀gá bá kọ̀ láti fọwọ́ sí i, ẹ kọ ìyẹn náà sílẹ̀.