Lọ́yà tó ń wá oníbàárà n'Ìbàdàn, ẹ lọ sí ìpàdé lándílọ́ọ̀dù

Pátákó ni ọ̀pọ̀ lọ́yà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ọ́fíìsì sílẹ̀ ní Ring Road tàbí Ìyágankú ń kọ́kọ́ náwó lé. Pátákó dára, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń torí pátákó gbé ìwé ilẹ̀ rẹ̀ fún àjèjì. Ẹni tó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu yín rí ló ń wá yín wá.

Ìpàdé ẹgbẹ́ lándílọ́ọ̀dù àdúgbò ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ kọ lẹ́tà sí alága, ẹ tọrọ ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì mú kókó kan ṣoṣo dání. Èyí tó wúlò jù ni bí a ṣe ń gba ilé lọ́wọ́ ayálégbé. Ẹ ṣàlàyé pé bí àdéhùn kò bá sọ ohun mìíràn, olóṣooṣù ń gba nótíìsì oṣù 1, ọlọ́dọọdún ń gba ti oṣù 6. Lẹ́yìn náà ni nótíìsì ọlọ́jọ́ 7, kó tó kan kóòtù. Ẹ sọ ìdí tí ṣíṣí òrùlé lórí ayálégbé fi lè sọ lándílọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀ di olùjẹ́jọ́. Bí ẹnì kan bá fẹ́ ro ẹjọ́ tirẹ̀ níbẹ̀, ẹ ní kó wá sí ọ́fíìsì. Ọ̀rọ̀ àṣírí kì í ṣe ti gbogbo ìpàdé.

Ilẹ̀ ẹbí ló tún kàn, iṣẹ́ sì pọ̀ níbẹ̀ púpọ̀, nítorí àwọn èèyàn ń sanwó tán kí wọ́n tó wá lọ́yà. Ẹ kọ ìwé olójú kan ní Yorùbá tí àwọn awọnlẹ̀ lè fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Ṣé wọ́n ti yẹ ilẹ̀ náà wò ní Sẹkitéríàtì, Agodi? Ta ló fọwọ́ sí i? Bí olórí ẹbí bá dá tà láìjẹ́ pé àwọn ọmọ ẹbí pàtàkì gbà, wọ́n lè ní kí kóòtù fagi lé e. Bí àwọn wọ̀nyẹn bá tà á láìsí olórí ẹbí, títà náà kò múlẹ̀ rárá.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe fún ejẹ́ǹtì ní ìdá kankan nínú owó iṣẹ́ yín. Òfin iṣẹ́ wa kọ̀ ọ́. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ejẹ́ǹtì tó ń dúró de owó rẹ̀ kò ní fẹ́ kí ẹ rí àbùkù lára ilẹ̀, orúkọ yín ni yóò sì bàjẹ́ bí ọ̀rọ̀ bá dàrú.

Ní ti ìpolówó, òfin ìwà iṣẹ́ wa fàyè gbà á, ṣùgbọ́n ẹ ò gbọdọ̀ fi iye ẹjọ́ tí ẹ ti jàre yangàn, ẹ ò sì gbọdọ̀ fi ara yín wé lọ́yà mìíràn. Orúkọ, irú iṣẹ́, àkókò, àti ilé epo tàbí báǹkì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ́fíìsì ti tó lórí Google.

Bí oníbàárà bá dé, ẹ kọ iye owó sílẹ̀ kí ẹ tó gbà á, ẹ kọ ohun tí kò sí nínú rẹ̀ pẹ̀lú, irú bí owó ìjọba lórí ìwé ilẹ̀. Lọ́jọ́ tí ẹ bá ti kóòtù dé, ẹ fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí i nírọ̀lẹ́: ohun tó ṣẹlẹ̀, àti ọjọ́ tó kàn. Bí adájọ́ kò bá jókòó, ẹ kọ ìyẹn náà.