Fíìmù Mẹ́ta Tó Dé Ọ̀yọ́

Ọjọ́ Àìkú, ìrọ̀lẹ́.

Nínú fíìmù tí èmi àti màmá mi wò lọ́sẹ̀ yìí, Ẹlẹ́ṣin Ọba ló wọ̀ mí lákínyẹmí ara jù. Biyi Bandele ló darí rẹ̀, ó sì kú lóṣù kẹjọ 2022, kí ayé tó rí i. Inú eré Wọlé Ṣóyínká tó jáde ní 1975 ni wọ́n ti mú un, Ọ̀yọ́ wa níbí sì ni ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹ̀: ọba wàjà, ó yẹ kí Olókùn-Ẹṣin bá a lọ, ajẹ́lẹ̀ òyìnbó ní kò sóhun tó jọ ọ́. Ọmọ Olókùn-Ẹṣin ló wá kú dípò bàbá rẹ̀.

Ọdúnladé Adékọ́lá tí gbogbo wa mọ̀ mọ́ ẹ̀rín ló ṣe Ẹlẹ́ṣin. Àmọ́ bó ṣe jó wọ ọjà báyìí, mi ò rí aláwàdà kankan mọ́. Màmá ní Ẹlẹ́ṣin kì í ṣe ojo, ayé ló dùn mọ́ ọn lẹ́nu. Mi ò gbà. Láti ìgbà tó ti fojú kan ọmọge tí wọ́n fẹ́ sọ́nà fún ọmọ Ìyálọ́jà, tó ní àfi kí òun fẹ́ ẹ, ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wúwo. Àwáwí ni òyìnbó kàn bá a wá. A jiyàn rẹ̀ títí ọbẹ̀ fi tutù. Ibi tí ẹnu wa ti kò ni ibi tí Pilkings, ajẹ́lẹ̀ yẹn, àti ìyàwó rẹ̀ ti gbé ẹ̀kú egúngún wọ̀ lọ sóde ijó. Màmá dìde lórí àga: "Ẹ̀kú! Obìnrin! Nínú ẹ̀kú!" Wọn ò jókòó títí ibẹ̀ fi kọjá.

Aníkúlápó tí Kúnlé Afọláyan ṣe, 2022 kan náà ni. Ó dùn-ún wò, ilé amọ̀ àti aṣọ ibẹ̀ tẹ́ mi lọ́rùn. Ṣùgbọ́n ahunṣọ ni Sàró nígbà tó wọ Ọ̀yọ́, ìfẹ́ olorì sì tètè gbà á lọ́wọ́ òfì jù. Ó dùn mí. Bàbá kan ń hun òfì lágboolé tó kángun sí tiwa. Wọ́n á na òwú gbọọrọ síwájú, òkúta tí wọ́n tò sórí pákó ni yóò di ìdí rẹ̀ mú lọ́ọ̀ọ́kán. Bí aṣọ ṣe ń gùn lọ́wọ́ wọn ni pákó òkúta yẹn ń wọ́ bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹsẹ̀ ń tẹ̀, ọ̀kọ̀ ń fò láti ọ̀tún sósì, wọn kì í sì í wo ọwọ́. Ká ní wọ́n jẹ́ kí Sàró pẹ́ nídìí òfì bẹ́ẹ̀ ni, à bá mọ ohun tó gbé jù sílẹ̀ nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í jí òkú. Arọ́lákẹ́, olorì yẹn, ni mo bá kẹ́dùn. Òun ló gba agbára lọ́wọ́ ẹyẹ àkàlà, Sàró ló gbayì.

Lísàbí ti 2024 ló dá ìjà sílẹ̀ nílé. Lateef Adédiméjì ló ṣe Lísàbí, Ọ̀yọ́ sì ni òṣìkà ibẹ̀: àwa là ń rán èèyàn lọ gba ìṣákọ́lẹ̀ lọ́wọ́ Ẹ̀gbá. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni mí, ẹ̀yìn Ẹ̀gbá ni mo sì wà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Màmá ní, "Ilé wa ni wọ́n ń bú yẹn o." Mo ní, "Ẹ má bínú, màmá. Ẹni tó ń san ìṣákọ́lẹ̀ náà ní tẹnu ẹ̀ láti sọ." Ó yẹ kí gbogbo wa níbí wò ó. Oògùn àti idán ibẹ̀ pọ̀ jù fún mi, nítorí àáró nìkan tó fíìmù: lónìí oko tèmi, lọ́la oko tìrẹ, inú ẹgbẹ́ aláàáró yẹn sì ni Lísàbí ti fa ogun yọ láìjẹ́ kí Ọ̀yọ́ fura.

Lọ́la, bí iná bá wà, Saworoidẹ tí Túndé Kèlání ṣe ní 1999 ló kàn. Màmá ti ń kọ orin inú rẹ̀ láti àárọ̀.